Ọ̀dà Funfun Ilé Iná Etí Òkun

Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham ló ní kí n wá sọ iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, kí àwọn tó ń wá iṣẹ́ lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé akunlé ni mí?" Wọ́n ní àwọn mọ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnu mi mú?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyẹn gan-an làwọn mọ̀ jù. Ó dáa. Ẹ má wá sọ lẹ́yìn ọ̀la pé Bàbá ò kìlọ̀ fún wa.

Làsísì ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Bàbá Wàsíù ni gbogbo ayé ń pè mí. Wàsíù nìkan ni ọmọ tí Ọlọ́run fún èmi àti Sìdíkátù ìyàwó mi. Ó kú sẹ́nu iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ tí èmi bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí, kí ẹ má baà rò pé ìtàn ẹ̀rín ni mo gbé wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ò ṣaláì sí níbẹ̀. Nítorí àṣà ilẹ̀ wa, wọn kò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn àgbà máa ń ní "ọmọ mi kú" sàn ju "ọmọ mi sọnù" lọ. Tèmi kú, ó tún sọnù. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọjọ́ náà ò ju ẹyọ kan lọ: kí n tó lọ, kí n kí ọmọ mi níbi tó sùn sí.

Bí mo ṣe dé London, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Òtútù mú mi bó ṣe mú àwọn bàbá tiyín náà. Àbúrò ìyá mi tí mo bá níbí ló fà mí lé Ọ̀gá Bùràímọ̀ lọ́wọ́ ní Bermondsey, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí lágbára, ṣùgbọ́n kò níṣẹ́." Ọ̀gá wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò.

"Kí lo mọ̀ nípa ọ̀dà?"

"Ọ̀gá, mo mọ̀ pé ó máa ń jẹ́ kí ilé dára."

"Irọ́ ni! Ilé tí kò dára, bí o bá kùn ún ní funfun, ilé funfun tí kò dára ló máa jẹ́. Lọ mú irin ìhọlé wá."

Ọmọ Èkó ni Ọ̀gá Bùràímọ̀. Ó ti bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́ pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí London. Wọ́n á fi okùn so ó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, á jókòó lórí pákó pẹlẹbẹ kan, á máa kun ọkọ̀ náà lókè omi. Nígbà tó kúrò lójú omi, ó gbé okùn àti pákó rẹ̀ wá sórí ilẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí létí odò, ṣọ́ọ̀ṣì tó ga, ibikíbi tí àkàbà ò bá ti dé, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Bàbá náà le! Bí o bá pẹ́ dé, kò ní í bú ọ, kò ní í bá ọ sọ̀rọ̀ rárá ni, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ máa rò pé ìyẹn rọrùn. Ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ọdún àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Mo ń họ ọ̀dà àtijọ́ ni. Màá họ ògiri títí apá mi á fi wú, màá ní, "Ọ̀gá, mo ti ṣetán." Ọ̀gá á wá, á dijú, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní ojú ń purọ́, pé àtẹ́lẹwọ́ kì í purọ́. Ìgbà tó bá kan ibì kan tí kò dán, kò ní í sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Họ ọ́." Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn débi pé mo ń gbọ́ ọ lójú oorun. Sìdíkátù, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra nígbà náà, ní mo ń fi èékánná họ bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ mi ní okùn. Ó so pákó rọ̀ sí abẹ́ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó ní kí n jókòó lé e. Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Máa rẹ́rìn-ín, ìgbà tó o bá dókè wàá mọ̀." Ó tún ní òfin kan tó mú ti ojú omi bọ̀: a kì í pe orúkọ ẹni tó bá wà lórí okùn. Ó ní ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ máa yíjú ni, ìyíjú ẹ̀ẹ̀kan sì tó láti gbàgbé ibi tí ọwọ́ wà. Súfèé la fi ń pera wa. Àwọn òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní àwa ará Áfíríkà yìí, a kọrin ju ẹyẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti búrọ́ọ̀ṣì fún yín, kí ẹ lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì tó bá dáa láyé ìgbà yẹn. Mùsùlùmí ni Ọ̀gá, Mùsùlùmí lèmi náà. Ọ̀gá kó búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lọ bá Alfa, ó tẹ́ wọn síwájú rẹ̀ bí ẹni gbé ẹjọ́ dé kóòtù.

Alfa wò ó. "Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Alfa, kí ló dé tí màá fi jẹ búrọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ wẹ ọwọ́ yín dáadáa, kí ẹ tó ṣe àlùwàlá. Ẹ máa lọ."

Ṣùgbọ́n ìyẹn ò tẹ́ Ọ̀gá lọ́rùn. Ó ra ìbọ̀wọ́ fún gbogbo wa, ó sì ya àpò búrọ́ọ̀ṣì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àpò oúnjẹ. Bí a bá dé ibi iṣẹ́ tí a ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun, àwọn òyìnbó á ní àwọn dókítà ti dé. Nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì onírọ́bà wá jáde, Ọ̀gá fi àkàrà ṣe sàárà. Mo jẹ nínú àkàrà náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nítorí búrọ́ọ̀ṣì ni.

A kun ilé kánsù tí ìjọba ń háyà fún aráàlú ní Kennington, a kun ti Bermondsey, gbogbo ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, àwọ̀ kan náà, títí mo fi ń lá àlá àwọ̀ ewé. A kun ilé olówó ní East Dulwich, níbi tí ìyá kan ti ní kí n yan funfun fún òun, tí mo bá ní, "Màdáàmù, èyí funfun," tó ní rárá, ìyẹn ti funfun jù. Irinṣẹ́ ń yí padà bá a ṣe ń dàgbà. Ọ̀dà tí wọ́n po òjé mọ́ kásẹ̀ ńlẹ̀, wọ́n ní ó ń ba ọpọlọ jẹ́, èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fà á símú wá ń bi ara mi pé èwo ló kù nínú tèmi. Rólà dé, ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọ̀dà dé, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn ròkè nínú agbọ̀n irin náà dé. Ọmọdé tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di okùn wá ń jókòó sínú agbọ̀n, ó ń tẹ bọ́tìnnì. N kò bínú sí i. Ká ní a ní in tẹ́lẹ̀ ni.

Níbi ilé iná ni ọ̀rọ̀ mi wà ní tòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ilé gogoro kan ni, róbótó, tí wọ́n kọ́ sétí òkun, tí wọ́n ń tan iná sí lórí kí àwọn ọkọ̀ má baà forí sọ òkúta lóru. Ìlú kékeré kan tí a ń wa ọkọ̀ dé láti Peckham láàárín òwúrọ̀ ni èyí tí mò ń sọ wà. Nítorí pé Ọ̀gá mọ iṣẹ́ okùn, àwa ni wọ́n gbé e fún láti kùn. Funfun ni, láti ìdí dé orí. Bí iyọ̀ òkun bá ti jẹ ọ̀dà náà fún ọdún díẹ̀, a ó tún padà lọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi. Tí o bá wà lókè lórí pákó, tí atẹ́gùn rọra ń fẹ́, tí ọ̀dà ń jẹ́ ọwọ́, kò sí kánsù, kò sí rẹ́ǹtì, ìwọ àti Ọlọ́run rẹ ni.

Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú Wàsíù lọ. Ó ti kàwé jáde, ìyá rẹ̀ fẹ́ kó wọ táì. Ọmọ ní okùn lòun fẹ́. Sìdíkátù bá mi jà lórí ẹ̀ débi pé ó se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ iṣẹ́! Kò yára, kò pariwo. Ó máa ń fa okùn rẹ̀ wò, á tún fà á, á tún fà á, títí èmi gan-an á fi ní, "Wàsíù, ṣé o fẹ́ fẹ́ okùn yìí ni?" Ọ̀gá Bùràímọ̀ tó ti darúgbó nígbà náà wá wò ó lọ́jọ́ kan, ó dijú, ó fi ọwọ́ pa ibi tó họ. Kò sọ "họ ọ́." Ó ní, "Ó dáa." Èmi tí mo bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe, kò sọ ọ́ fún mi rí. Inú mi dùn, mo tún jowú ọmọ mi díẹ̀.

Wàsíù fẹ́yàwó, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Kúdíràtù, tí a ń pè ní Kudi. Ó ti ń lọ sílé ìwé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

N kò ní í pẹ́ lórí èyí. Lókè ilé iná, wọ́n fi irin ṣe ọgbà yí i ká, irin náà la ń so okùn mọ́. Irin náà funfun, ó ń dán, ó dà bí irin tuntun. Wàsíù mì í, kò yẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé àwọn tó ti kun irin yẹn láyé àtijọ́, kó tó kan wa rárá, kò họ ìpẹtà ibẹ̀. Wọ́n kan kun ọ̀dà lé e lórí ni. Àwọn mìíràn tún kun tiwọn lé e. Ọ̀dà nípọn níta, inú ti jẹrà. Ìsàlẹ̀ ni mo wà, mò ń po ọ̀dà. Mo gbọ́ ohùn irin náà. Mo gbójú sókè, mo sì pariwo, "Wàsíù!" Èmi tí n kò pe orúkọ ẹnì kankan lórí okùn rí láyé mi. Kò sí ohun tí ìpè náà lè tún ṣe mọ́, okùn méjèèjì ti já pẹ̀lú irin. Ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ha, Ọlọ́run. Alágẹmọ tó ń yọ́ rìn, ikú ń pa á, áḿbọ̀sì ọ̀pọ̀lọ́ tó ń jan ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìlú yẹn náà ni wọ́n sin ín sí, nítorí Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́ pẹ́, wọ́n sì ní àyè fún àwa Mùsùlùmí ní itẹ́ òkú ibẹ̀. Èmi ti múra, mo ti wọ bàtà. Ọ̀gá Bùràímọ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì wa ní Peckham, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Làsísì, ibo lò ń lọ?"

"Ọ̀gá, mo fẹ́ lọ sin ọmọ mi."

"Òbí kì í sin ọmọ. Ojú rẹ ò ní í rí sàréè Wàsíù, láyé."

Alfa tó wà níbẹ̀ rọra sọ pé ẹ̀sìn ò kọ̀ ọ́, pé bàbá lè kírun sí ọmọ rẹ̀ lára. Ọ̀gá ní, "Alfa, mo gbọ́. Mùsùlùmí ni mí, Yorùbá sì ni mí. Ojú tó bá rí sàréè ọmọ, wọ́n ní ó lè tún rí òmíràn. Ẹ wo ọmọ kékeré tó jókòó yẹn." Kudi ló nawọ́ sí. Mo bọ́ bàtà mi. Èmi àti Sìdíkátù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ìyókù lọ sin ọmọ wa. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ pátákó orí sàréè náà, tó kùn ún ní funfun, tó kọ orúkọ sí i. Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ fún wa.

Ẹ máa bi mí pé ṣé mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo padà, ṣùgbọ́n nínú ilé ni, pálọ̀ àti yàrá. N kò gorí okùn mọ́. Ẹ sì máa bi mí pé ṣé kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí. N kò lè ní kí ẹ má kọ́ ọ, ó fún mi ní oúnjẹ, ó fún mi ní iyì. N kò sì lè ní kí ẹ kọ́ ọ. Ẹ lọ bi ẹlòmíràn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí wọ́n bá fi nǹkan tó ń dán hàn yín, ẹ họ ọ́ wò.

Ọ̀gá Bùràímọ̀ kú. Lẹ́yìn náà Sìdíkátù náà kú, ní ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá. Ó kú láì mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn. Kò bèèrè rí. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ọjọ́ tí Kudi àti ìyá rẹ̀ máa ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, Sìdíkátù ò ní í jẹun, á jókòó sójú wíńdò títí wọ́n á fi dé, á wá wo bàtà ọmọ náà bóyá iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ wà lára ẹ̀. Ìgbà tó kú ni ọ̀rọ̀ náà wá gbóná sí mi lára. Mo ní èmi ò lè kú báyìí.

Kudi ti di àgbà báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan. Lọ́dún tó kọjá ó wá bá mi, ó ní, "Grandpa, ilé iná yẹn, wọn ò tan iná níbẹ̀ mọ́ o. Wọ́n ti sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù. Èèyàn lè san owó gòkè. Ṣé ẹ fẹ́ lọ?" Ojú mi ló ń wò. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kì í ṣe mùsíọ́ọ̀mù la ń sọ. Mo ní, "Màá lọ."

A dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ìyá àgbàlagbà òyìnbó kan ló ń mú àwọn àlejò kiri, ó ń pe gbogbo wa ní olólùfẹ́. Ó fi gíláàsì ńlá tí iná máa ń gbà kọjá hàn wá, ó fi bẹ́ẹ̀dì tóóró tí àwọn tó ń tọ́jú iná ń sùn sí hàn wá. A wá dé ìdí àpótí gíláàsì kan. Ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀? Okùn àti pákó pẹlẹbẹ! Irú tèmi gan-an, pẹ̀lú ọ̀dà funfun tó ta sí i lára.

Ìyá náà ní, "Èyí ni àwọn akunlé ń lò láyé àtijọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì."

Mo sọ fún Kudi ní Yorùbá pé, "Wọ́n ti gbé mi sí mùsíọ́ọ̀mù, n ò tíì kú." Kudi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó ní, "Grandpa, ẹ jẹ́ kí n tell her. Kò sí orúkọ Daddy mi níbikíbi níbí. It's not right." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní, "Fi ìyá yìí sílẹ̀. Kò mọ nǹkan kan. Jẹ́ ká gòkè."

Àtẹ̀gùn náà ga, eékún mi ń ké, Kudi wà lẹ́yìn mi, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn mi bí ẹni pé tí mo bá ṣubú, ó lè gbé mi. A jáde síta lókè pátápátá. Wọ́n ti pààrọ̀ irin ọgbà náà. Mo fi ọwọ́ pa á yíká kí n tó fara tì í. Òkun wà níwájú, ìlú wà lẹ́yìn. Mi ò wo ìsàlẹ̀.

Kudi dúró, kò wo òkun. Ìlú ló kọjú sí. Ó rọra ní, "Grandpa, èèyàn lè rí i láti ibí. Tí ẹ bá kàn yíjú. Ó wà lẹ́yìn àwọn igi yẹn. Ṣé kí n fi hàn yín?"

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn, ó ti wà lẹ́yìn ọrùn mi. Kí n sáà yíjú ni. Mo di irin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo rántí Sìdíkátù lójú wíńdò. Òun tó bí i ò rí i, ó fara dà á títí dé ikú, nítorí ọmọ kékeré tí Ọ̀gá nawọ́ sí lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ náà ló dúró tì mí yìí, òun nìkan ló kù fún mi. Bóyá òótọ́ ni ohun tí Ọ̀gá sọ, bóyá irọ́ ni, n kò lè fi Kudi dán an wò.

Mo ní, "Rárá. Ìwọ sọ fún mi bó ṣe rí."

Ó sọ ọ́. Ó ní koríko ibẹ̀ wà ní gígé. Ó ní igi kan wà nítòsí, pé ẹyẹ òkun máa ń bà síbẹ̀. Mo ní, "Pátákó ńkọ́?" Ó yíjú sí òkun. Mo ní, "Kudi, mo ní pátákó ńkọ́?"

"Ọ̀dà ẹ̀ ti ń peel, Grandpa. Èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ rí orúkọ yẹn kà mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni."

Inú bí mi! N kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Mo ní, "Ọ̀dà ń ṣí! Lórí ọmọ Làsísì! Èmi tí mo kun ilé gbogbo Kennington, tí mo kun ilẹ̀kùn àwọn tí n kò mọ bàbá wọn! Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn!" Àwọn òyìnbó tó wà lókè ń wò wá. Kudi di apá mi mú. Mo ní, "Níbo ni wọ́n ti ń ta ọ̀dà nílùú yìí?"

A rí ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n tó tì í. Èmi ni mo yan gbogbo ẹ̀: sáńpépà, ọ̀dà ìsàlẹ̀, funfun tó ń dán, dúdú fún orúkọ, búrọ́ọ̀ṣì méjì, òwú. Kudi ní òun ò kun nǹkan rí ju èékánná lọ. Mo ní ẹnu mi á máa darí ọwọ́ rẹ̀. Mo jókòó sí ilé tíì kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilé iná, mo kọjú sí òkun, ó kó àwọn nǹkan náà lọ, ó pè mí lórí fóònù.

"Mo ti họ ọ́, Grandpa."

"Dijú. Fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Kí lọwọ́ rẹ sọ?"

"Ó dán. Àfi apá ibì kan nísàlẹ̀."

"Họ ọ́."

Ó họ ọ́. Ó mí hẹlẹ. Mo ń gbọ́ ìró sáńpépà náà lára igi. Nígbà tó fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ lé e tán, ó ní ṣé kí òun kun èyí tó kù. Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́, ọ̀dà gbọ́dọ̀ gbẹ di ọjọ́ kejì. A gba yàrá síbẹ̀, a sùn. Lọ́jọ́ kejì, mo tún padà sí ìjókòó mi, ó tún lọ. Ó kun funfun. Ìgbà tí oòrùn mú un gbẹ lọ́wọ́ ọ̀sán, mo kọ́ ọ bí yóò ṣe na òwú sójú pátákó kí lẹ́tà lè tẹ̀ lé e, kí orúkọ má baà wọ́. Ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí mi létí bó ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tó parí, ó ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí. Mo ní kí ó gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, kó sún sẹ́yìn díẹ̀.

Mo gbọ́ atẹ́gùn. Mo ní, "Àsàlámù aléékùm, Wàsíù. Bàbá rẹ ni." Mo ti ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Kò sí èyí tó jáde. Mo ní, "Ìyá rẹ ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ láti èṣí, bí o ò bá tíì rí i, máa wo ọ̀nà." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹkún ló kù. Mo sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ìyá tó ń mú àlejò kiri gbé tíì wá síwájú mi.

Kudi dé. Iyẹ̀pẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀, ọ̀dà wà lára ṣòkòtò rẹ̀, wà níwájú orí rẹ̀, gbogbo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ funfun. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà díẹ̀ tún ẹ̀gbẹ́ pátákó ṣe kí òun tó máa bọ̀. Ó jókòó, ó fa tísù yọ lórí tábìlì, ó fẹ́ nu ọwọ́.

Mo gba tísù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Má tíì nù ún."

Mo di ọwọ́ náà mú. Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ó fi gbẹ sí wa lọ́wọ́ méjèèjì.